Ilé igun títì tó ní ojú ìsọ̀ àtijọ́ ní London: ṣé ká wó o ni, àbí ká tún un ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé àtijọ́ ní London, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ìyàwó mi ra ilé kan ní gúúsù London níbí. Ilé àsopọ̀ ni, òun ló gbẹ̀yìn ọ̀wọ́, ó sì wà ní igun tí títì méjì ti pàdé. Ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, ibùgbé wà lókè, àjà méjì. Igi ni wọ́n fi ṣe ojú ìsọ̀ náà, ó ti gbó, ọ̀dà ń ṣí lára rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní igun gan-an. Oúnjẹ ilé la fẹ́ máa tà níbẹ̀: gàrí, èlùbọ́, ata gbígbẹ, ẹja gbígbẹ. Bíríkìlà tó wá wò ó ní ká wó gbogbo ojú ìsọ̀ náà dànù, ká fi alúmíníọ́mù àti gíláàsì gbàràmù kan dípò rẹ̀, ká wá so ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè mọ́ ọn níta. Ó ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Káńsù ní a ò gbọdọ̀ yí i padà láìgba ìwé àṣẹ, nítorí àdúgbò tí òfin dáàbò bò ni. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Ṣé ènìyàn ò ní lè ṣe bó ṣe fẹ́ sí ilé tó fowó ara rẹ̀ rà ni? Kí ló tilẹ̀ wà nínú igi tó ń jẹrà yẹn?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù lé ojú ìsọ̀ yẹn. Mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ káńsù o. Ohun tó gbé ilé yín dúró ni mo ń sọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, fèrèsé àti ojú ìsọ̀ àtijọ́ ni mò ń tún ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe kò gba kọ́bọ̀. Ẹ bọ́ sí òdìkejì títì kẹ́ ẹ kọjú sí ilé náà. Láti orí òrùlé wá sílẹ̀, bíríkì ni. Tó bá dé orí pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ ìsọ̀ sí, bíríkì tán. Gíláàsì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù nísàlẹ̀. Ẹ wá bi ara yín pé kí ló gbé ògiri alájà méjì yẹn dúró.

Ìtì igi ńlá kan ló wà lẹ́yìn pátákó orúkọ yẹn. Bressummer ni wọ́n ń pè é níbí. Òun ló gba ẹrù ògiri òkè. Nínú ilé tó wà láàárín ọ̀wọ́, ìtì igi yìí ní ògiri àjọni lápá ọ̀tún àti lápá òsì tó fẹ̀yìn tì. Ilé igun ò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀. Ní ilé tiyín, ìtì méjì ló wà, ọ̀kan fún títì kọ̀ọ̀kan, orí òpó igun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti pàdé. Òpó yẹn lè jẹ́ igi. Tó bá jẹ́ pé ìgbà Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n kọ́ ilé náà tàbí tún un ṣe, ó lè jẹ́ irin dídà. Nítorí pé ẹnu ọ̀nà yín dá igun náà ní gẹ́rẹ́, ògiri òkè yọ síta lórí ẹnu ọ̀nà, òpó yẹn ló ń gbà á. Ẹni tó bá ń sọ pé òun á wó ojú ìsọ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bi í pé: òpó igun ńkọ́? Ìgbà wo ni ẹ̀ńjìníà á wá wò ó? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ti rí ilé igun tí wọ́n yọ igi "ẹ̀ṣọ́" kúrò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí igi náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ rárá. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ògiri là láti igun wá, ó gba ìdí fèrèsé àjà kìíní kọjá lọ sí àjà kejì. Owó tí onílé ná lórí irin àti ẹ̀ńjìníà ju iye tí ìbá ná lórí ojú ìsọ̀ yẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

* * *

Ẹnìkan ti kọ ọ́ lókè pé, "Ó dáa, ìtì igi ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìyókù ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Mi ò gbà. Kò sí ohun kan lára ojú ìsọ̀ àtijọ́ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ wo ètè igi tó yọ síta lókè pátákó orúkọ, tí wọ́n fi òjé bò lórí. Òjò tó bá ń ṣàn bọ̀ lára ògiri, orí ètè yẹn ló máa bọ́ sí, tí á sì máa kán sílẹ̀ níwájú, jìnnà sí igi. Tí òjé yẹn bá ti ya, omi á gba ẹ̀yìn pátákó wọlé, ìtì igi tí mo sọ yẹn gan-an ni yóò sì máa mu. Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń gun àkàbà lọ wo òjé kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Pátákó orúkọ: òun ni ilẹ̀kùn àpótí tí ìtì igi wà nínú rẹ̀. Àwọn òpó pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n gbẹ́ orí wọn bí ewé tàbí bí ìwo àgbò: wọ́n bo ibi tí igi àti bíríkì ti pàdé, níbi tí afẹ́fẹ́ àti omi máa ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ ìsọ̀, ìyẹn pátákó tó ga dé orúnkún lábẹ́ gíláàsì, ló ń gba omi tó ń ta láti ojú títì, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, àti táyà kẹ̀kẹ́. Bíríkìlà yín fẹ́ kí gíláàsì délẹ̀. Ẹ wo irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò kan, ẹ óò rí bí ẹrẹ̀ ṣe máa ń gùn ún.

Àwọn gíláàsì kékeré òkè, tí wọ́n máa ń ṣí sínú, àwọn lẹ máa dúpẹ́ fún jù. Ẹja gbígbẹ àti ata lẹ fẹ́ tà. Òórùn wọn àti ooru ènìyàn nílò ibi tí wọ́n á gbà jáde. Ìsọ̀ alúmíníọ́mù tó dì pa á máa làágùn nígbà òtútù, omi á máa ṣàn lára gíláàsì, àpò èlùbọ́ tó wà nítòsí á sì hu. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ oúnjẹ wa ni mo ti wọ̀ tí ìṣòro yìí wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ilé náà ti fi fèrèsé òkè sílẹ̀ fún un, ọ̀dà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ òfin. Èrò tó pọ̀ jù níbí yìí ni pé àwọn káńsù kàn fẹ́ dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ òwò. Mi ò ní sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ káńsù tó ń sọ̀rọ̀ sí wa láìbọ̀wọ̀. Mo ti pàdé irú wọn. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó ni ilé ńlá ní Mayfair ń gba ìwé àṣẹ kan náà.

Ohun méjì ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni àdúgbò tí òfin dáàbò bò, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin 1967. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ yí ìrísí ojú ìsọ̀ padà, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Èkejì ni ilé tí wọ́n dìídì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Ipele mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí ní England: Grade I, Grade II* àti Grade II, ti ìgbẹ̀yìn yìí ló pọ̀ jù lọ. Fún ilé tó bá wà nínú ìwé yẹn, inú àti ìta ni òfin dé. Ẹni tó bá yí i padà láìgbàṣẹ, ẹjọ́ ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin 1990, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye ọdún tó lè kọjá tí káńsù ò fi ní lè ní kẹ́ ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Kódà bó jẹ́ pé ẹni tó ta ilé fún yín ló bà á jẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín báyìí ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ wá àdírẹ́ẹ̀sì ilé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkọsílẹ̀ Historic England, ìyẹn àjọ tí ìwé àwọn ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ fún yín nìyí: bí ilé yín kò bá sí nínú ìwé náà, tó jẹ́ àdúgbò nìkan ni wọ́n dáàbò bò, àtúnṣe tó bá dá ohun tó wà padà bó ṣe wà, irú igi kan náà, ìrísí kan náà, kò sábà nílò ìwé àṣẹ kankan. Wíwó ló nílò ìwé. Àtúnṣe lẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi owó ìwé àti oṣù tẹ́ ẹ fi máa dúró de èsì kún ìṣirò bíríkìlà yín, kẹ́ ẹ tó gbà pé tirẹ̀ ló dínwó.

Ẹnìkan ní òun mọ ẹni tó ṣe é láìgbàṣẹ tí wọn ò mú. Ó ṣeé ṣe. Láti oṣù kẹrin 2024, ọdún 10 ni káńsù ní láti fi mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní England, bí ilé náà kò bá sí nínú ìwé ìjọba. Ọdún 10 pẹ́ láti fi máa wo ẹ̀yìn, agbẹjọ́rò ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ yín máa béèrè ìwé náà.

* * *

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kà á béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí ojú ìsọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn nìyí, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Gíláàsì ni kẹ́ ẹ wò. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fẹ́ gíláàsì, wọ́n á wá yí i títí yóò fi tẹ́ bí àwo ńlá, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́. Ègé tó bá jáde kì í tóbi. Ìjọba tún ń gba owó orí lórí gíláàsì láti 1746, bó bá ṣe wúwo sí ni owó ṣe ń pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí ojú ìsọ̀ ayé ìgbà náà fi kún fún ègé gíláàsì kéékèèké àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín wọn níyà. Nígbà tí wọ́n fòpin sí owó orí yẹn ní 1845, tí gíláàsì pẹlẹbẹ ńlá sì wá rọjú, ègé bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, igi àárín ń dínkù. Ẹ̀gbọ́n, tí ojú ìsọ̀ yín bá ní gíláàsì gíga mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìlàjì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Òfin iná náà fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn ilé yìí. Lẹ́yìn iná ńlá tó jó London ní 1666, wọ́n ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́lé. Òfin ilé kíkọ́ ti 1774 wá wọ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ gan-an: ojú ìsọ̀ kò gbọdọ̀ yọ sójú títì ju íǹṣì 10 lọ níbi tí títì bá fẹ̀, ní títì tóóró kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 5 lọ. Kí òfin yẹn tó dé, àwọn ọlọ́jà ń ti fèrèsé wọn síta bó ṣe wù wọ́n, ẹni tó ń kọjá ò rí ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé káńsù ti ń bá ọlọ́jà jà lórí ojú ìsọ̀ tipẹ́tipẹ́!

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ sí nọ́ńbà 56, Artillery Lane, ní Spitalfields. Ojú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò sẹ́dà tó wà níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1756, igi ni, ó sì dúró. Kó lọ sí Woburn Walk nítòsí Euston, tí Thomas Cubitt kọ́ ní 1822, kó wo bí gíláàsì kéékèèké ṣe tẹ̀ kọrọdọ síta. Igi tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà lóòrèkóòrè ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín pé igi kì í pẹ́.

Ẹni tó sọ pé nítorí owó orí fèrèsé ni wọ́n ṣe fi bíríkì dí fèrèsé ara ògiri ẹ̀gbẹ́, kò dájú o. Òótọ́ ni pé owó orí fèrèsé wà láti 1696 di 1851, àwọn kan sì dí fèrèsé wọn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ilé igun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ ní dídí láti ọjọ́ kìíní. Ihò èéfín ibi ìdáná ló wà lẹ́yìn wọn, wọn ò lè ṣí fèrèsé síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí ògiri títì kejì dà bí ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí wọ́n lu ọ̀kan wọnú, kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

* * *

A ti ń ṣáko. Ẹnìkan bínú, ó kọ ọ́ pé ká fi ilé òyìnbó sílẹ̀ fún òyìnbó, pé tiwa ní Èkó, ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Mo gba ẹ̀dùn ọkàn yẹn. Ó dun èmi náà. Ilé tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ní Tinubu Square, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́, tí ìdílé Ọláìyá rà lẹ́yìn náà, jẹ́ ilé òwò nísàlẹ̀ àti ibùgbé lókè, gẹ́gẹ́ bí èyí tí à ń sọ yìí. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Àwọn ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà, àwọn káfíńtà àti bíríkìlà Àgùdà tí wọ́n padà láti Brazil, wọ́n ti kú tipẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ ni ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìyẹn ò wá sọ pé kí ọmọ Yorùbá tó bá ní ilé àtijọ́ ní London wó tirẹ̀ náà. Ní Rye Lane ní Peckham, níbi tí ìsọ̀ wa pọ̀ sí, wọ́n ti fi owó Heritage Lottery Fund, ìyẹn owó lọ́tìrì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun àtijọ́, tún ojú àwọn ilé àtijọ́ kan ṣe. Kí ẹ̀gbọ́n bi káńsù tirẹ̀ bóyá irú owó bẹ́ẹ̀ wà. Wọn kì í kéde rẹ̀ lójú títì, ẹni tó bá béèrè ló ń rí i.

* * *

Ilẹ̀kùn irin. Èyí ló fa ariwo jù lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lóru ló mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn tó ní "ẹ so irin mọ́ ọn, ká rí ẹni tó máa wọlé" ń gbàgbé ibi tí àpótí irin yẹn máa jókòó sí. Orí pátákó orúkọ ni. Bóòtù irin gígùn ni wọ́n fi máa ń dè é, bóòtù náà á sì gún ìtì igi inú. Omi á máa tọ bóòtù wọlé. Ní Deptford, mo ṣí ọ̀kan tí irin rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ ìtì igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ títí dé èèkù. Ní ilé igun, ó burú jù bẹ́ẹ̀, torí àpótí mẹ́ta lẹ nílò: títì kìíní, títì kejì, àti ẹnu ọ̀nà àárín.

Káńsù kì í sábà fọwọ́ sí irin tó dì pa níta ní irú àdúgbò yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń gbà, tí èmi náà máa ń dábàá, ni irin oníhò bí asẹ́ tó wà nínú, lẹ́yìn gíláàsì, pẹ̀lú gíláàsì onípele méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó máa ń sán láìtú ká. Olè lè lù ú, kò ní tètè ríhò wọlé. Títì á sì máa rí inú ìsọ̀ lóru, iná kékeré kan á wà nínú rẹ̀. Olè kì í fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Àwọn tó kọ́ ìsọ̀ wọ̀nyí pàápàá ní ààbò tiwọn: pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ lálẹ́, tí wọ́n ń yọ láàárọ̀, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yín, ó lè ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Wọ́n lè ní irú kọ́kọ́rọ́ àti gíláàsì tí wọ́n ń fẹ́.

* * *

Káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi kan béèrè pé kí ló dé tí a ò fi ìrókò ṣe gbogbo rẹ̀ ká sinmi. Ìrókò dára. Mo ń lò ó fún igi ìsàlẹ̀ tí gíláàsì jókòó lé, níbi tí omi máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà olóròóró gbẹ bó ṣe yẹ tí wọn ò bá kọ́kọ́ nù ún dáadáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, igi àtijọ́ tó wà lára àwọn ilé yìí sábà máa ń jẹ́ paini etí òkun Baltic, tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wú, ó máa ń sún kì, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ lẹ ìrókò mọ́ ọn láàárín òpó, ojú ìlẹ̀pọ̀ á là. Irú igi kan náà ni kẹ́ ẹ fi lẹ irú rẹ̀.

Ibi tó jẹrà nìkan ni kẹ́ ẹ gé. Ìsàlẹ̀ òpó pẹlẹbẹ ló máa ń jẹrà, nítorí omi títì; òkè rẹ̀ sábà máa ń le bí òkúta. Ẹ gé e ní gẹ́rẹ́, ẹ fi igi tuntun jọ ọ́, kí gígé náà dojú kọ ìta nísàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò. Tó bá jẹ́ olú gbígbẹ ló mú igi náà, irú èyí tí òkùn funfun rẹ̀ ń rìn kọjá lára bíríkì, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé kẹ́ ẹ tó fọ́n oògùn sí i. Igi tí omi inú rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, olú kò ní rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Ẹ má fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ má fi ẹ̀rọ fá a ní gbígbẹ. Òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ rin ín lómi kẹ́ ẹ tó fá a, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ògiri ẹ̀gbẹ́, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Ọ̀pọ̀ ilé ọ̀wọ́ ló jẹ́ pé àwọn igi ilẹ̀ àjà wọn na láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé wọ́n kàn ń bá ògiri ẹ̀gbẹ́ rìn lọ ni, wọn ò dì í mú. Nínú ilé àárín, kò sí wàhálà, ilé ń ti ilé. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé igun ò ní ẹni tó tì í. Ó lè máa wú síta láti ọdún dé ọdún. Ẹ dúró ní ìdí ògiri yẹn, ẹ gbójú sókè. Tẹ́ ẹ bá rí irin róbótó tàbí irin tó dà bí lẹ́tà S lára bíríkì, wọ́n ti fi irin so ó mọ́ inú nígbà kan rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ nítorí pé kò lẹ́wà.

Bíríkì àwọ̀ ìyeyè London yẹn rọ̀, láìmù ni wọ́n sì fi mọ ọ́n, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun. Sìmẹ́ǹtì le jù ú lọ. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú bíríkì yẹn, omi tó wà nínú ògiri ò ní rí ojú ìlẹ̀pọ̀ gbà jáde mọ́, ojú bíríkì ni yóò gbà, òtútù á sì máa bó o. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá bíríkìlà wa tó gbọ́n gan-an nínú búlọ́ọ̀kù ni wọn ò gbà mí gbọ́ lórí èyí títí wọ́n fi rí ògiri tó ń bó.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ PADÀ WÁ: "A ti wò ó. Ilé wa kò sí nínú ìwé ìjọba, àdúgbò nìkan ni. A ṣí igun pátákó orúkọ díẹ̀. Òjé ètè òkè ti ya ní igun. Òpó igun jẹ́ irin. Ìtì igi apá títì kékeré dúdú lórí, ó sì tutù. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Àti pé àtẹ̀gùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera."

Ẹ kú iṣẹ́. Ìròyìn tó dáa ni pé irin ni òpó igun, ẹ kàn rí i pé kò sán ni.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ òjé tún ètè yẹn bò, kó sì wo gọ́tà tó wà lẹ́yìn ògiri òkè. Òrùlé irú ilé yẹn sábà máa ń dà sí àárín, omi rẹ̀ á gba gọ́tà kan ṣoṣo lọ sẹ́yìn. Ewé díẹ̀ ló máa dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ńjìníà tó mọ ilé àtijọ́ ni kó wá gún ìtì igi yẹn wò. Ó lè jẹ́ pé òkè nìkan ló rọ̀. Tí àárín bá le, wọ́n lè fi pẹpẹ irin gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ tó wọnú ògiri àjọni ni wọ́n máa tú, ìwé ìfitónilétí oṣù 2 ni kẹ́ ẹ fún aládùúgbò yín lábẹ́ òfin ògiri àjọni ti 1996. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí i nílé kí ìwé tó dé bá a, kó má bàa rò pé ìjà ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló máa kẹ́yìn, ọ̀dà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìyá wa, òfin ìdọ́gba ti 2010 ní kí olùtajà ṣe ohun tó bá bọ́gbọ́n mu fún aláìlera, kò ní kẹ́ ẹ fọ́ ẹnu ọ̀nà igun. Ilé igun sábà máa ń ní ilẹ̀kùn kejì lára títì kékeré, èyí tí wọ́n ń gbà gòkè. Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dọ́gba, ẹ ṣí ọ̀nà láti inú rẹ̀ sí ìsọ̀. Bí kò bá sí, pátákó alágbèéká tó gẹ̀rẹ́ àti aago tí ènìyàn lè tẹ̀ láti ìta á tó.

Ẹnìkan béèrè bóyá orúkọ Yorùbá ṣeé kọ sára pátákó. Ó ṣeé kọ. Ìwọ̀n àpótí, iná inú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é ni káńsù ń wò. Ẹ má lo àpótí ṣiṣu oníná. Ẹ wá ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, kó fi ọ̀dà kọ ọ́ sórí igi náà, ẹ sì fún un ní orúkọ náà lórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó wọn àyè àmì ìsàlẹ̀ kó tó fa ìlà, nítorí pátákó àwọn ìsọ̀ yẹn kì í ga.